Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Afẹ́fẹ́ Tí À Ń Mí Nínú Ilé

Nínú àtẹ̀jáde oṣù tó kọjá ni mo ti bẹ ẹ̀yin òǹkàwé pé kí ẹ kọ ìbéèrè yín ránṣẹ́ lórí afẹ́fẹ́ inú ilé, àwọn lẹ́tà tó sì wọlé ju èyí tí ojú ewé yìí lè gbà lọ. Iṣẹ́ wolé-wolé ni mo fi ọdún 27 ṣe kí n tó fẹ̀yìn tì, nítorí náà inú ilé onílé ni mo ti kọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ. Ohun náà ni pé kí a tó ra ohunkóhun tí yóò fọ afẹ́fẹ́ mọ́, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wá ohun tó ń bà á jẹ́ rí, kí a gbé e jáde, kí a sì lànà fún afẹ́fẹ́ tuntun láti wọlé.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Yàrá kan ni èmi, ọkọ mi àti àwọn ọmọ wa mẹ́ta ń gbé nínú ilé face-me-I-face-you kan. Inú pásééjì ni gbogbo ayálégbé ti ń dáná, sítóòfù oníkẹrosíìnì sì ni ọ̀pọ̀ wa ń lò. Àbígbẹ̀yìn mi, ọmọ ọdún méjì, máa ń wúkọ́ láàárín òru. Mo rí ẹ̀rọ kan tí wọ́n ń polówó pé ó ń fọ afẹ́fẹ́ ilé mọ́, ṣùgbọ́n iye rẹ̀ ju owó oṣù mi méjì lọ. Ṣé kí n yá owó rà á? — Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta, Ìbàdàn.

ÌDÁHÙN: Ìyá ọmọ, ẹ má yá owó rà á. Ọmọ ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé lọ sí ilé ìwòsàn, nítorí ikọ́ òru lára ọmọ ọdún méjì kì í ṣe ohun tí èmi lè wò láti inú ìwé ìròyìn. Bí ẹ bá sì rí i pé ó ń mí gúlegúle, tàbí pé abẹ́ egungun ìhà rẹ̀ ń wọ inú bó ṣe ń mí, ẹ má ṣe jẹ́ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà ṣú kí ẹ tó débẹ̀, torí ó lè jẹ́ òtútù àyà.

Ẹ̀rọ tí ẹ rí yẹn kì í ṣe irọ́. Asẹ́ kan wà nínú rẹ̀ tó ń mú eruku àti èéfín, ó sì wúlò nínú yàrá tí a ti ilẹ̀kùn àti fèrèsé rẹ̀, tí iná mànàmáná kì í lọ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n asẹ́ yẹn kì í mú gáàsì olóró tó ń tinú iná jáde, bẹ́ẹ̀ ni kò sí asẹ́ tó lè bá sítóòfù mẹ́fà tí wọ́n tò sí pásééjì kan ṣoṣo fà á. Ẹni tó bá rà á sínú irú ilé yẹn kò yàtọ̀ sí ẹni tó ń nu ilẹ̀ nígbà tí òjò kò tíì dá, tí òrùlé sì ń jò.

Mo rántí pásééjì kan tí mo wọ̀ lẹ́nu iṣẹ́, tó jọ èyí tí ẹ ṣàpèjúwe gan-an. Mo gun orí àga, mo fi áńkáṣíìfù funfun nu àjà tó wà lókè sítóòfù lẹ́ẹ̀kan péré, mo sì nà án sí ìyálé ilé náà. Dúdú tó wà lára rẹ̀ kì í ṣe ti eruku. Ó ń yọ̀ bí epo, ó lẹ̀ mọ́ ìka mi, omi lásán kò sì lè bọ́ ọ. Mo ní, "Èyí tó lẹ̀ mọ́ àjà la rí yìí, ìyá, èyí tí àwọn ọmọ ti mí sínú ńkọ́?" Ìyá náà kò fèsì, àmọ́ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an ló kó sítóòfù tirẹ̀ lọ sí ẹ̀yìnkùlé.

Ohun tó wà nínú èéfín yẹn ni ẹyọ kéékèèké tí àwọn onímọ̀ ń pè ní PM2.5. Irun orí kan fẹ̀ ju ẹyọ kan nínú wọn lọ ní nǹkan bí ìlọ́po 30, ìdí nìyí tí irun imú kò fi lè dá wọn dúró, tí wọ́n fi ń wọ ẹ̀dọ̀fóró lọ títí dé ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń gba atẹ́gùn. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé èéfín inú ilé pa ènìyàn tó tó mílíọ̀nù 3.2 káàkiri ayé ní ọdún 2020, àti pé ó lé ní 237,000 nínú wọn tó jẹ́ ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún. Láti ọdún 2014 ni àjọ náà ti gbà wá nímọ̀ràn pé kí a má ṣe lo kẹrosíìnì nínú ilé mọ́. Ìwádìí kan sì wáyé ní Ìbàdàn yín níbẹ̀, tí àwọn onímọ̀ Yunifásítì Ìbàdàn àti ti Chicago tẹ̀ jáde ní ọdún 2017. Aboyún 324 tó ń fi igi tàbí kẹrosíìnì dáná ni wọ́n pín sí ọ̀nà méjì. Wọ́n fún apá kan ní sítóòfù tó ń lo ethanol, ìyẹn ọtí tó ń jó bí epo, apá kejì sì ń bá ohun tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀ lọ. Nígbà tí oyún fi máa ń lọ sópin, ó ju mẹ́fà lọ nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí kò pààrọ̀ sítóòfù tí ẹ̀jẹ̀ wọn ru, àmọ́ àwọn tó pààrọ̀ kò pé méjì nínú ọgọ́rùn-ún. Ọ̀rọ̀ èéfín kò mọ sí ikọ́ nìkan, ìyá ọmọ.

Nítorí náà, owó tí ẹ bá rí kó jọ díẹ̀díẹ̀, ẹ fi ra gáàsì ìdáná kékeré. Òde ni kí sílíńdà rẹ̀ máa wà, nítorí gáàsì ìdáná wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ló máa ń rọra sùn sí bó bá ń jò nínú yàrá. Ẹ máa fi ìfófòó ọṣẹ pa okùn rẹ̀ láti mọ̀ bóyá ó ń jò. Ẹ má ṣe ṣá ìṣáná wò ó láéláé. Kí ẹ tó rí i rà, ẹ bá àwọn ayálégbé yòókù sọ̀rọ̀ kí gbogbo yín jọ kó ìdáná lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Mo ti rí ibi tí onílé ti gbà láti fi páànù díẹ̀ lé orí òpó mẹ́rin, tí ọ̀rọ̀ náà sì parí síbẹ̀. Ẹ máa gé òwú sítóòfù kó dọ́gba, kí iná rẹ̀ má pọ́n, kí ó má sì máa rú. Ẹ rẹ ẹ̀wà mọ́jú kó lè tètè jinná, ẹ máa dé ìkòkò, ẹ má sì gbé ọmọ pọ̀n nígbà tí ẹ bá ń dáná. Sítóòfù tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ pa ló máa ń rú èéfín jù, nítorí náà òde náà ni kó tutù sí kí ẹ tó gbé e wọlé.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ káàsán, sà. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí, àwa mẹ́rin la sì jọ ń gbé. Nítorí olè, a máa ń gbé ẹ̀rọ amúnáwá wa kékeré wọ pásééjì lálẹ́, a óò sì ṣí fèrèsé kan sílẹ̀ fún un. Ẹ̀ẹ̀mejì ni gbogbo wa ti jí pẹ̀lú ẹ̀fọ́rí àti èébì. Ṣé ibà ni? — Akẹ́kọ̀ọ́, Àgọ́ Ìwòyè.

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, kì í ṣe ibà. Kí o tó ka ìyókù ìdáhùn yìí, gbé ẹ̀rọ yẹn jáde, kó má sì wọlé mọ́ títí ayé. Ibà kì í mú ènìyàn mẹ́rin ní òru kan náà, kó sì fi wọ́n sílẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ti jáde síta tí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí wọn.

Gáàsì carbon monoxide tó ń tinú ẹ́ńjìnnì náà jáde ló ń ṣe yín bẹ́ẹ̀. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, kì í sì í ta ni lójú bí èéfín igi, ìdí nìyí tí ẹni tó ń pa lọ kì í fi í fura. Bí a bá mí i sínú, ààyè tí ọ́síjìn ì bá jókòó sí nínú ẹ̀jẹ̀ ló máa ń gbà, agbára tó sì fi ń di ẹ̀jẹ̀ mú ju ti ọ́síjìn lọ ní ìlọ́po tó lé ní 200. Ẹni tó bá ti sùn ló burú fún jù lọ, nítorí pé ẹ̀fọ́rí tí ì bá kìlọ̀ fún un kò ní jí i. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Ọlọ́run ti jí ẹ̀yin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Mo bẹ̀ yín, ẹ má dán ẹ̀ẹ̀kẹta wò.

Fèrèsé kan tí ẹ ṣí kò tó, kódà bí ẹ ṣí gbogbo fèrèsé ilé náà, kò tó. Ẹ̀rọ amúnáwá gbọ́dọ̀ jìnnà sí ilẹ̀kùn àti fèrèsé èyíkéyìí tó mítà 6, ì báà jẹ́ tiyín tàbí ti aládùúgbò, kí ẹnu páìpù èéfín rẹ̀ sì kọjú sí gbangba. Ní ti olè, ẹ dá owó jọ fún wẹ́dà kó bá yín fi irin ṣe àgò tó ní àgádágodo, tí a rì mọ́lẹ̀ sínú kọnkéré. Bí owó kò bá tíì sí, ẹ pa ẹ̀rọ náà kí ẹ tó sùn, kí ẹ fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ara yín. Gáàsì yìí kan náà ló wà nínú èédú tí àwọn kan ń gbé wọ yàrá nígbà òtútù.

Bí ẹ bá bá ẹnikẹ́ni tó ti dákú nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, ẹ ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀, kí ẹ sì wọ́ ọ jáde sí gbangba kíákíá, nítorí pé ẹni tó bá dúró síbẹ̀ láti máa bu omi lù ú lè ṣubú lé e lórí. Ẹ má ṣe da epo pupa tàbí mílíìkì sí i lẹ́nu, nítorí ó lè gba ọ̀nà ọ̀fun lọ sí ẹ̀dọ̀fóró. Bí ẹ bá dé ilé ìwòsàn, ẹ tètè sọ fún dókítà pé ẹ̀rọ amúnáwá wà nínú ilé, torí ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń fi há ìka aláìsàn lè máa sọ pé ọ́síjìn ara rẹ̀ pé nígbà tí kò pé, gáàsì yìí ló ń tàn án jẹ.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀fọn pọ̀ ládùúgbò wa lẹ́bàá odò. Kọ́ìlì la ń tàn mọ́jú. Bí wọ́n bá sì pọ̀ jù, ọ̀tápíápíá ni ọkọ mi máa ń fọ́n sábẹ́ ibùsùn. Wọ́n ní èyí náà ń ba afẹ́fẹ́ jẹ́. Ṣé kí a wá jẹ́ kí ẹ̀fọn jẹ wá pa ni? — Ìyá Ìbejì, Òṣogbo.

ÌDÁHÙN: Ká má rí i, Ìyá Ìbejì. Ibà ń pa ọmọ, n kò sì ní gbà yín níyànjú láé pé kí ẹ fi àwọn ìbejì sílẹ̀ fún ẹ̀fọn. Àmọ́ òótọ́ lohun tí wọ́n sọ fún yín. Ìwádìí kan tó jáde ní ọdún 2003 lórí àwọn kọ́ìlì tí wọ́n ń tà ní China àti Malaysia fi hàn pé ẹyọ kọ́ìlì kan, bó bá jó tán, ń tú èéfín wẹ́wẹ́ sílẹ̀ tó bá ti sìgá 75 sí 137 dọ́gba. Ẹ wá wo yàrá tí a ti ilẹ̀kùn rẹ̀, tí àwọn ọmọ sùn sí, tí èyí ń jó níbẹ̀ láti alẹ́ títí ilẹ̀ fi mọ́.

Ọ̀tápíápíá burú jù ú lọ. Dichlorvos ló wà nínú ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n ń tà nínú ìgò kéékèèké, oògùn kòkòrò oko sì ni, kì í ṣe ti abẹ́ ibùsùn. Iṣan ara ló ń bá jà, ti kòkòrò àti ti ènìyàn. Ní ọdún 2019 ni àjọ NAFDAC fòfin de títa ìgò rẹ̀ kékeré. Bí ó bá ṣì wà nílé, ẹ bẹ Bàbá Ìbejì kó kó o kúrò níbi tí ọwọ́ ọmọ lè dé.

Àwọ̀n ẹ̀fọn tí wọ́n ti fi oògùn sí ni kí ẹ fi bo ibùsùn. Ẹ kọ́kọ́ ta á sí ibòji níta fún odindi ọjọ́ kan kí ẹ tó lò ó, kí òórùn oògùn náà lè rọlẹ̀, ẹ sì ki etí rẹ̀ sábẹ́ ibùsùn yíká. Ẹ kan nẹ́ẹ̀tì mọ́ fèrèsé, kí ẹ sì máa fọ̀ ọ́, nítorí nígbà ọyẹ́ eruku a dí ojú rẹ̀ tí afẹ́fẹ́ kò fi ní ráyè wọlé. Àwọn àgbà yóò rántí bí àwa wolé-wolé ṣe máa ń yẹ inú àmù wò. Tanwíjí là ń wá, ibẹ̀ náà sì ni mo ṣì fẹ́ kí ẹ wá a lónìí: nínú táyà àlòkù, nínú agolo, nínú ọ̀gbàrá tí pàǹtí dí. Bí ẹ bá tilẹ̀ máa tan kọ́ìlì, ìta gbangba ni, nígbà tí ẹ bá jókòó gba atẹ́gùn nírọ̀lẹ́.

ÌBÉÈRÈ: Mo kà á pé bí ènìyàn bá gbin òdòdó sínú ìkòkò tó sì gbé e sí pálọ̀, yóò fa gbogbo májèlé inú afẹ́fẹ́ mu. Ṣé òótọ́ ni? — Olùkọ́, Abẹ́òkúta.

ÌDÁHÙN: Ọ̀rọ̀ náà ti ọ̀dọ̀ ìwádìí tí àwọn NASA, àjọ òfurufú ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ṣe ní ọdún 1989 wá, ṣùgbọ́n inú àpótí tí a dé pinpin ni wọ́n gbin ewéko wọ̀nyẹn sí, kì í ṣe inú ilé tí ènìyàn ń wọ̀ tó ń jáde. Nígbà tí àwọn onímọ̀ méjì tún gbogbo irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ ṣírò ní ọdún 2019, wọ́n rí i pé yóò tó ìkòkò 10 sí 1,000 lórí mítà ilẹ̀ kan níbùú-lóròó kí iṣẹ́ wọn tó bá ti afẹ́fẹ́ tó ń gba inú ilé kọjá dọ́gba. Ẹ gbin òdòdó nítorí ẹwà rẹ̀, kí ẹ sì ṣí fèrèsé méjì tó kọjú síra.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, fúláàtì council, ìyẹn ilé ìjọba ìbílẹ̀, ni mò ń gbé ní Peckham. Ohun dúdú ń hù lára ògiri yàrá ọmọ mi, ọmọ náà sì ní ikọ́ fée. Àwọn onílé ní ọbẹ̀ tí mò ń sè ló fà á. Ṣé lóòótọ́ ni? — Ìyá Dàmọ́lá, London.

ÌDÁHÙN: Díẹ̀ wà níbẹ̀ tó jẹ́ òótọ́, àmọ́ kì í ṣe gbogbo rẹ̀. Oru omi tó ń jáde láti inú ìkòkò, láti ilé ìwẹ̀ àti láti ara aṣọ tí a sá sínú yàrá máa ń wá ibi tútù lọ bà lé, bí omi ṣe ń làágùn lára ìgò mínírà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú fíríìjì. Ibi tí ògiri bá ti tutù jù ni yóò ti rin, ibẹ̀ náà ni ohun dúdú yẹn yóò ti hù bí ìgbà tí búrẹ́dì bá bu. Nítorí náà, ẹ máa dé ìkòkò, ẹ tan fáànù ilé ìdáná, ẹ pa ilẹ̀kùn ilé ìwẹ̀ dé kí ẹ sì ṣí fèrèsé rẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá wẹ̀ tán, kí ẹ sì fa kọ́bọ́ọ̀dù kúrò lára ògiri díẹ̀. Bí ẹ bá ń fi bleach nù ún, ẹ má ṣe pò ó mọ́ oògùn ìfọlé mìíràn, torí gáàsì tó ń jáde níbẹ̀ lè ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, ẹ má sì jẹ́ kí ọmọ náà wà nítòsí.

Ṣùgbọ́n bí ògiri bá ń jò, tàbí tó tutù nítorí bí wọ́n ṣe kọ́ ọ, tàbí tí fáànù kò ṣiṣẹ́, ẹ̀bi yín kọ́ nìyẹn, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọbẹ̀ yín pa yín lẹ́nu mọ́. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2020 ni ọmọ ọdún méjì kan, Awaab Ishak, kú ní Rochdale, ilé ẹjọ́ tó wádìí ikú rẹ̀ sì sọ ní ọdún 2022 pé ohun tó ń hù lára ògiri ilé wọn ló fà á. Wọ́n ti fi orúkọ ọmọ náà sọ òfin ní England, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹwàá ọdún 2025. Òfin náà ní kí council àti àwọn ẹgbẹ́ onílé wá wo irú nǹkan báyìí láàárín ọjọ́ iṣẹ́ 10 tí wọ́n bá ti gbọ́, bó bá sì jẹ́ ti pàjáwìrì, láàárín wákàtí 24. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀, ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí wọn pẹ̀lú ọjọ́, kí ẹ sì sọ níbẹ̀ pé ọmọ yín ní ikọ́ fée. Ẹ bẹ dókítà yín náà kó bá yín kọ lẹ́tà. Ẹ má fi ọ̀dà kùn ún lórí kí wọ́n tó wá wò ó.

ÌBÉÈRÈ: Ìyá mi ti lé ní ẹni 70 ọdún, abúlé wa lẹ́bàá Ìsẹ́yìn ni wọ́n ń gbé. Mo ra gáàsì fún wọn, wọn kò lò ó. Wọ́n ní ọbẹ̀ orí igi ló dùn. Ojú wọn ń ṣomi, wọ́n sì ń wúkọ́. Kí ni kí n ṣe? — Ọmọ ìyá rẹ̀, Èkó.

ÌDÁHÙN: Ẹ má bá wọn jà. Ẹni tó ti fi ààrò bọ́ ọmọ àti ọmọ-ọmọ kì í ṣe ẹni tí a ń sọ̀rọ̀ sí bíi pé kò mọ ohun tó ń ṣe. Ẹ mú wọn lọ sí ilé ìwòsàn kí wọ́n yẹ ojú àti àyà wọn wò, kí ẹ sì fi ìsinmi ọjọ́ díẹ̀ tún ibi ìdáná wọn ṣe.

Igi ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Igi tútù kì í jó, rírú ló ń rú, nítorí omi inú rẹ̀ ni iná ń fi agbára rẹ̀ gbẹ. Ẹ ra igi sílẹ̀ nígbà ọyẹ́, ẹ là á sí wẹ́wẹ́, ẹ tò ó sábẹ́ páànù kí afẹ́fẹ́ lè máa gba àárín rẹ̀, kí ó wà níbẹ̀ fún bí oṣù mẹ́fà. Ẹ fi amọ̀ mọ ààrò náà yíká kó ku ẹnu kan ṣoṣo, kí iná lè máa jó sídìí ìkòkò dípò kó máa tàn káàkiri. Bí ilé ìdáná náà bá jẹ́ yàrá, ẹ wó ògiri méjì rẹ̀ sílẹ̀ dé ìbàdí, kí èéfín lè ríbi jáde. Ní ti gáàsì, ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti orí ọbẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n máa fi gbé omi ìwẹ̀ àti ẹ̀kọ àárọ̀ nìkan; ìyá tèmi náà bẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀, nígbà tó di ọdún kejì, ọbẹ̀ ọdún àti àmàlà nìkan ló kù tí wọ́n ń fi igi rò.

Ohun kan sì kù tí kò ná yín ní kọ́bọ̀. Nígbà ọyẹ́, láti apá àríwá ìlà-oòrùn ni atẹ́gùn ti ń fẹ́. Nígbà òjò, láti gúúsù ìwọ̀-oòrùn. Ẹ jókòó ti ìyá níbi ààrò ní ìrọ̀lẹ́ kan, kí ẹ wo ibi tí èéfín ń dorí kọ, kí ẹ sì bá wọn gbé àpótí ìjókòó wọn sí òdìkejì rẹ̀.